Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ pé ímeèlì tuntun ti wọlé láì kúrò lórí terminal

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ímeèlì yín jẹ́ mẹ́rin, Gmail méjì, ti ibiṣẹ́ kan, pẹ̀lú èyí tó ń wọlé sórí sáfà Linux yín, ẹ ṣáà fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan tuntun ti dé láì ṣí bíráwúsà, lórí terminal lásán, ìyẹn ojú ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ àṣẹ. Àwọn tó ní kẹ́ ẹ lo mbsync tàbí offlineimap ò purọ́, nǹkan tó dáa ni, àmọ́ ìyẹn á kọ́kọ́ kó gbogbo lẹ́tà tó wà níbẹ̀ wá sórí kọ̀ǹpútà yín ná, tòun ti àwòrán àti PDF inú ẹ̀ látọjọ́ aláyé ti dáyé, dátà ta lẹ fẹ́ fi ṣèyẹn? Ohun tẹ́ ẹ bèèrè ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Sáfà ti mọ iye tẹ́ ò tíì kà, ẹ bi í, á fi ìlà kan ṣoṣo dá yín lóhùn.

curl lèmi ń lò, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ká fi wa fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà fún, kò rí bẹ́ẹ̀, ó gbọ́ IMAP, èdè tí wọ́n fi ń bá sáfà ímeèlì sọ̀rọ̀, dáadáa. Ẹ ṣí fódà kan nínú home yín, ká pè é ní .apoti, kẹ́ ẹ wá ṣe fáìlì kan fún ímeèlì kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀, bíi báyìí:

url = "imaps://imap.gmail.com/"
user = "orukoyin@gmail.com:pasiwoodu"
request = "STATUS INBOX (UNSEEN)"
silent
show-error
max-time = 20

Ẹ wá tẹ èyí:

for f in ~/.apoti/*; do echo "$f"; curl -K "$f"; done

Ohun tó máa jáde fún ọ̀kọ̀ọ̀kan á rí bíi * STATUS "INBOX" (UNSEEN 3), ìyẹn ni pé mẹ́ta lẹ ò tíì kà. Ó parí. Ẹ má fojú di max-time yẹn o, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ láàárín kan, láìsí i, gbogbo ẹ̀ á kàn dúró gbagidi síbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ni àbí ó ti kú. Kẹ́ ẹ sì ṣe chmod 600 sáwọn fáìlì yẹn kẹ́lòmíì má bàa kà wọ́n. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù sínú fáìlì ni pé tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí terminal fúnra ẹ̀, inú history, àkọsílẹ̀ gbogbo àṣẹ tẹ́ ẹ ti tẹ̀, ló máa lọ jókòó sí. Tí " tàbí \ bá wà nínú pásíwọ́ọ̀dù náà, ẹ fi \ ṣáájú ẹ̀.

Ní ti Gmail, pásíwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ fi ń wọlé lórí fóònù ò ní ṣiṣẹ́ níbí, ẹ má fi ara yín ṣe wàhálà. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni Google ti sé ọ̀nà yẹn fún àwa tá a ń lo Gmail lásán. Ẹ tan 2-Step Verification, kẹ́ ẹ wá lọ gba app password, lẹ́tà 16 ni, wọ́n á pín in sí mẹ́rin mẹ́rin lójú yín ṣùgbọ́n ẹ so gbogbo ẹ̀ pọ̀ láìsí àlàfo. Nǹkan míì nípa Gmail, iye tó máa sọ fún yín á pọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ rí lórí Primary lọ, torí Promotions àti Social náà, INBOX kan náà ni gbogbo wọn lójú IMAP.

Tó bá ṣe Outlook ti ara ẹni ni, ìyẹn le díẹ̀. Láti 16 oṣù kẹsàn-án 2024, Microsoft ò gba pásíwọ́ọ̀dù lásán mọ́, OAuth2 nìkan ni, ọ̀nà ìwọlé tó ń lo tókìnnì (bíi káàdì ìwọlé onígbà díẹ̀) dípò pásíwọ́ọ̀dù, tókìnnì ẹ̀ sì ń tètè kú, ẹ máa nílò ohun tó ń tún un gbà. Èmi ò rí ìdí tó fi yẹ kéèyàn ṣe gbogbo ìyẹn torí iye lẹ́tà lásán.

Ibi tó máa ń da orí àwọn èèyàn rú jù ni RECENT. Ẹ máa rí i nínú àwọn script (àṣẹ téèyàn kọ jọ sínú fáìlì) àtijọ́ pé wọ́n ń bèèrè RECENT dípò UNSEEN. Ẹ má lò ó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí àpótí náà ni sáfà máa sọ fún pé lẹ́tà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹni tó bá dé lẹ́yìn ẹ̀, òfo ló bá. Fóònù yín tó wà lápò ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀ ní gbogbo ìgbà, script yín á wá máa sọ pé kò sí nǹkan nígbà tí lẹ́tà márùn-ún ń dúró dè yín. IMAP tuntun tí wọ́n gbé jáde ní 2021 tiẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò pátápátá. Èkejì, tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo àkọlé lẹ́tà náà, BODY.PEEK ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má kọ BODY lásán, torí BODY lásán á sọ lẹ́tà náà di kíkà, ẹ ò ní rí i mọ́ láàárín èyí tẹ́ ò tíì kà, bẹ́ẹ̀ ẹ ò tíì kà á.

Tí nǹkan ò bá lọ, ẹ bá sáfà sọ̀rọ̀ tààrà:

openssl s_client -quiet -crlf -connect imap.gmail.com:993

ẹ wá tẹ a LOGIN tẹ̀ lé orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ ka ohun tó bá fọ̀. Èsì ẹ̀ máa ń là ju ti curl lọ.

Ti orí sáfà yín kò nílò gbogbo èyí. Tó bá jẹ́ mbox ni, ìyẹn gbogbo lẹ́tà nínú fáìlì kan, bash tó ń gba àṣẹ yín lórí terminal fúnra ẹ̀ ń wò ó, MAILCHECK ẹ̀, àkókò tó fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, jẹ́ 60 ìṣẹ́jú àáyá, àmọ́ ìgbà tó bá fẹ́ gbé prompt tuntun jáde nìkan ló ń sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá jókòó sínú vim títí di alẹ́ kò ní sọ nǹkan kan. Tó bá jẹ́ Maildir, níbi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ní fáìlì tiẹ̀, ẹ ka ohun tó wà nínú fódà new, kẹ́ ẹ sì wo fódà cur náà, torí ohun tí fóònù ti rí ti bọ́ síbẹ̀ bẹ́ ò tiẹ̀ tíì kà á:

find ~/Maildir/new ~/Maildir/cur -type f ! -name '*:2,*S*' | wc -l

Tẹ́ ẹ bá kọ àṣẹ for òkè yẹn sínú script, tẹ́ ẹ wá gbé e sínú cron, ohun tó ń ṣe àṣẹ fúnra ẹ̀ ní àkókò tẹ́ ẹ bá yàn, ẹ kọ MAILTO="" sí òkè crontab. Láìsí i, ohunkóhun tí script bá sọ, cron á kó o sínú ímeèlì, á fi ránṣẹ́ sí yín lórí sáfà yẹn, ẹ wá rò ó wò, script tó ń wá lẹ́tà tuntun náà ló tún ń kọ lẹ́tà tuntun. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ti tó. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lo IDLE kó lè máa ké sí yín lójú ẹsẹ̀, ó dáa lórí sáfà tí íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kì í já, àmọ́ lórí módẹ̀mù wa yìí, ìlà á ti já tipẹ́ láì sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin á sì rò pé kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí yín ni.

Ti ibiṣẹ́ yẹn ṣá, ta ló ń gbé sáfà ẹ̀? Ẹ kọ orúkọ sáfà náà àti èsì tí openssl bá fún yín síbí ká wò ó, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìlà LOGIN kúrò kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́ o.