Táyà iwájú gbá kọnkéré etí títì: ẹ má tíì gbé e lọ ṣe aláímẹ́ǹtì

Ẹ kú ewu o. Ẹ ní táyà iwájú ọ̀tún ọkọ̀ yín gbá kọnkéré etí títì, ẹ ti pààrọ̀ táyà àti ríìmù, ṣùgbọ́n sitiárìn kò dúró gún mọ́ bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà, mẹkáníìkì sì ní aláímẹ́ǹtì (títún ìdúró táyà ṣe kí wọ́n lè gún) nìkan ló kù. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Aláímẹ́ǹtì ló máa ń kẹ́yìn. Bí irin kan bá ti tẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n á kàn yí táì-rọ́ọ̀dù, irin tó so sitiárìn mọ́ táyà, títí sitiárìn á fi gún, irin tó tẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀, táyà tuntun yín á sì máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kí ẹ tó rí abẹ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wa ọkọ̀ náà lọ sórí òpópónà. Bí táì-rọ́ọ̀dù tó ti tẹ̀ bá já lórí eré, kò sí ohun tí sitiárìn lè ṣe sí táyà yẹn mọ́.

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí táyà iwájú kọjú síwájú gan-an. Ẹ fi téèpù wọn àlàfo tó wà láàárín ríìmù àti etí fẹ́ńdà, níwájú táyà àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ ṣe bákan náà ní apá òsì. Ọ̀tún àti òsì jọra bí ìbejì, nítorí náà apá tí kò gbá nǹkan ni kí ẹ fi wo èyí tó gbá a. Bí táyà ọ̀tún bá ti fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan sún sẹ́yìn, lówà áàmù, apá irin ìsàlẹ̀ tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi jáàkì gbé e, kí ẹ ti irin ìdúró sí abẹ́ rẹ̀ (ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e), kí ẹ di táyà mú ní òsì àti ọ̀tún, kí ẹ mì í wò bóyá nǹkan kan ti dẹ̀, kí ẹ tún dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ ṣe bákan náà. Ẹ wo rọ́bà búùṣì, èyí tó wà níbi tí lówà áàmù ti so mọ́ ọkọ̀, bóyá ó ti ya, àti rọ́bà tó bo orí ṣáàfù, irin tó ń yí táyà.

Nínú ọkọ̀ tèmi, lówà áàmù tẹ̀ débi pé ojú lásán rí i. Ti táì-rọ́ọ̀dù kéré, a kò rí i àfìgbà tí a fi wé ti òdìkejì. A pààrọ̀ méjèèjì, síbẹ̀ orí táyà ṣì dagun sínú. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀kì ni. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò: wọ́n dẹ nọ́ọ̀tì òkè ṣọ́ọ̀kì díẹ̀, wọ́n sì fi sípánà yí ọ̀pá àárín rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà lórí ẹ̀rọ aláímẹ́ǹtì. Bí ọ̀pá náà bá tẹ̀, orí táyà á máa wọlé, á máa jáde, bí wọ́n ṣe ń yí i. Kò mì rárá. Náckù, irin tó gbé họ́ọ̀bù (ibi tí wọ́n ń de ríìmù mọ́) dúró, ló ti tẹ̀, ojú kò sì lè rí i. Bí a bá ti ra ṣọ́ọ̀kì ni, owó á ti lọ lásán.

Ẹnì kan fẹ́ fi iná yọ́ lówà áàmù náà kó sì fi òòlù nà án. Mo kọ̀, kí ẹ̀yin náà kọ̀. Iná ń ba agbára irin jẹ́, èyí tó bá sì jẹ́ alumíníọ̀mù lè sán láìsí àmì kankan. Náckù àlòkù tí kò tẹ̀ kò burú, nítorí irin kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n táì-rọ́ọ̀dù àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé tó so lówà áàmù mọ́ náckù), tuntun ni kí ẹ rà, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tuntun.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í kà sí, ó sì ń dùn mí: wọ́n máa ń fún bóòtù búùṣì lówà áàmù pa nígbà tí táyà ṣì ń fì lókè. Bí ọkọ̀ bá wá sọ̀kalẹ̀, rọ́bà yẹn á lọ́, kò sì ní pẹ́ ya. Ẹ jẹ́ kí ìwúwo ọkọ̀ wà lórí táyà kí wọ́n tó fún un pa.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá lọ ṣe aláímẹ́ǹtì, kí ẹ sì gba ìwé nọ́ńbà rẹ̀, ti ìṣáájú àti ti ìkẹyìn. Bí wọ́n bá ní kámbà (bí orí táyà ṣe dagun sínú tàbí síta) apá ọ̀tún kò ṣeé mú bá ti òsì mu, irin kan ṣì tẹ̀ níbẹ̀.

Bíárìnnì, ohun tí táyà ń yí lé lórí, lè má sọ̀rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á fi kọjá, bó tilẹ̀ ti bàjẹ́. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró bíi hùùù tó ń pọ̀ sí i bí ẹ bá yà sí òsì, tó sì ń rọlẹ̀ bí ẹ bá yà sí ọ̀tún, bíárìnnì ọ̀tún ni.