Iye owó ni kó ṣáájú, kí àdúrà tẹ̀lé e

Àbúrò wa tó ní àwọn oníbàárà òun ń ka ọ̀rọ̀ òun lórí WhatsApp ṣùgbọ́n wọn kì í fèsì, ọ̀rọ̀ rẹ yé mi. Gààrí ni mo ń tà n'Íjẹ̀bú-Òde, Èkó ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi wà.

Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ tèmi gùn bí ọ̀nà Bìní. Mo á kí wọn kú ojúmọ́, mo á wúre, mo á fi òdòdó sí i, kí n tó wá máa yin gààrí mi: ojúlówó, aláìlẹ́gbẹ́. Iye owó wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí WhatsApp ti máa ń gé e, àfi kéèyàn tẹ̀ ẹ́ kó tó rí ìyókù.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti ń rà lọ́wọ́ mi tipẹ́ ló là mí lójú. "Màmá, inú mọ́tò ni mo wà ní Berger, ọwọ́ kan ni mo fi di fóònù mú. Òdòdó ni mo rí, mo ní ẹ tún ti fi àdúrà ránṣẹ́. Gààrí sì ti tán nílé látọjọ́ Ẹtì, mo ti rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì." Ó dùn mí wọra.

Mo gbé iye owó wá sókè, mo sì yọ "ojúlówó" kúrò. Ta ló máa sọ pé ayédèrú lòun ń tà? Mo kọ ọ́ pé ọjọ́ mẹ́rin la fi jẹ́ kó kan ká tó yan án. Ẹni tó ń mu gààrí Ìjẹ̀bú mọ ohun tí ọjọ́ mẹ́rin ń ṣe.

Àwọn kan níbí ní kó o yọ ìkíni kúrò. N ò gbà. Ọmọ Yorùbá wo lo fẹ́ já lù láìkí? "Ẹ kú iṣẹ́" ti tó.

Tó bá jẹ́ SMS, ṣọ́ra. Lẹ́tà 160 ni ojú ìwé kan ń gbà, àmọ́ tó o bá ti fi àmì sí ẹ, ọ, ṣ, ó di 70. Èyí tí mo rò pé ojú ìwé kan ni, owó ojú ìwé mẹ́ta ni wọ́n gbà.

Èyí tí mo fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá rèé: "Ẹ kú iṣẹ́. Gààrí Ìjẹ̀bú, rọ́bà kan ₦3,000. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kan. Á dé Èkó lọ́jọ́bọ̀. Rọ́bà mélòó?"

N kò tíì gbé fóònù kalẹ̀ tí nọ́ọ̀sì mi fi dáhùn: "Méjì."