Ìrìn Ọ̀sẹ̀ Kan Lórí Òkè Shenandoah Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Maryland ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni a wà báyìí, nílé ìyá ọkọ mi ní Ìtọ́kò, a ó sì padà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ. Ọmọkùnrin mi Fọlárìn, ọmọ ọdún 14, ti ń bẹ̀ mí láti ọdún tó kọjá pé kí a rin apá kan nínú ọ̀nà ẹsẹ̀ Appalachian fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí a máa sùn nínú àgọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 11, ní òun náà ń lọ. Fọlárìn ti fa ìlà sórí máàpù láti ìbẹ̀rẹ̀ Shenandoah, ọgbà igbó ìjọba tó wà ní Virginia, títí dé òpin rẹ̀, ó ní ọjọ́ méje tó o. Ìparí oṣù Kẹjọ ni mo ní lọ́kàn, n kò sì rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí. Ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀? Báwo ni kí a ṣe pín ọjọ́? Kí ni a lè máa ṣe níhìn-ín kí ara wa lè mọ̀ ọ́n, irú oúnjẹ wo sì ni kí a gbé? Màmá ń béèrè pé kí ló sọnù lọ́wọ́ wa nínú igbó tí a fẹ́ lọ wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá Fọlárìn

Ìdáhùn

Ìyá Fọlárìn, ẹ kú ìsinmi, ẹ sì bá mi kí Màmá. Ọmọ Aké ni mí, Virginia ni mo fi ṣe ibùgbé, èmi àti àwọn ọmọ mi sì ti fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí ẹ ń sọ yìí.

Ọ̀nà Appalachian gùn tó nǹkan bí máìlì 2,190, láti Springer Mountain ní Georgia títí dé Katahdin ní Maine, ó sì gba ìpínlẹ̀ 14 kọjá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á mú apá kan lọ́dún yìí, wọ́n á mú òmíràn lọ́dún tí ń bọ̀, nítorí náà ohun tí Fọlárìn béèrè kì í ṣe àṣejù. Ìlà tí ó fà ni àṣejù. Nǹkan bí máìlì 101 ni ọ̀nà náà rìn nínú Shenandoah, bí ẹ bá sì pín in sí ọjọ́ méje, ó lé ní máìlì 14 lójúmọ́ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Àbúrò rẹ̀ kò lè rìn ín, ẹ sì foríjì mí, ẹ̀yin náà kò ní lè rìn ín.

Ibi tí èmi yóò yàn fún yín ni láti Thornton Gap, kí ẹ kọrí sí gúúsù, títí dé Loft Mountain. Títì ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Skyline Drive gba orí òkè náà kọjá, wọ́n sì fi òkúta máìlì sí i: Thornton Gap wà ní 31.5, Loft Mountain wà ní 79.5. Máìlì 48 ni ìyẹn lórí títì, ọ̀nà ẹsẹ̀ lè fi díẹ̀ jù ú lọ, ó sì fún yín ní nǹkan bí máìlì méje lójúmọ́. Ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ nìkan kọ́ ni mo fi yàn án. Ọ̀nà ẹsẹ̀ àti títì ń pàdé léraléra ní gbogbo apá yẹn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé kò sí ọjọ́ tí ẹ kò ní lè jáde sórí títì bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀ tàbí bí ara ọmọ bá gbóná, àwọn ibi tí a ti lè ra oúnjẹ tàbí kí a rí ilé sùn sì wà láàárín, bíi Skyland, Big Meadows àti Lewis Mountain. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi jù lọ nìyí: kí ẹ tó kọ ibi tí ẹ ó sùn sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kọ ibi tí ẹ lè gbà jáde ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn fún yín ju ẹlòmíràn lọ ni pé láti Abẹ́òkúta ni ẹ ti ń bọ̀. Ara àwọn ọmọ tí a tọ́ dàgbà ní Amẹ́ríkà kò mọ ibà ilé, ibà náà sì lè lúgọ sí ara fún ọ̀sẹ̀ kan títí dé oṣù kan kí ó tó yọjú, èyí tí ó bọ́ sí ìparí oṣù Kẹjọ gẹ́lẹ́. Ẹ má ṣe dá oògùn ìdènà ibà tí dókítà kọ fún yín dúró nítorí pé ẹ ti dé ilé: bí ó bá jẹ́ Malarone, ẹ ó lò ó fún ọjọ́ méje sí i lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò ní Nàìjíríà, bí ó bá jẹ́ doxycycline, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni, òun sì tún máa ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó awọ ara. Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná lórí òkè, ẹ má ṣe sọ pé àárẹ̀ ìrìn ni. Ẹ jáde sí títì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ọ̀rọ̀ tí ẹ ó kọ́kọ́ sọ fún dókítà sì jẹ́ pé Nàìjíríà ni ẹ ti dé.

Ní ti pípín ọjọ́, ẹ má fi máìlì nìkan ṣírò. Ará Scotland kan, William Naismith, ti fi òfin kan lélẹ̀ ní 1892 tí a ṣì ń lò: wákàtí kan fún máìlì mẹ́ta, kí a fi wákàtí kan kún un fún gbogbo 2,000 ẹsẹ̀ bàtà tí a bá gùn. Ẹni tí kò ní ẹrù tí kò sì kó ọmọ dání ló ń bá wí, nítorí náà mo máa ń fi ìdajì lé e. Máìlì méje tí ó ní gígùn òkè 2,000 ẹsẹ̀ bàtà nínú yóò gbà yín ní wákàtí márùn-ún, yàtọ̀ sí ìsinmi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ yín ni kí ó kúrú jù, nítorí bí ẹ bá ṣe kúrò ní Thornton Gap báyìí ni ẹ ó dojú kọ Mary's Rock, tí ó fi nǹkan bí 1,200 ẹsẹ̀ bàtà ga ju ibi tí ẹ ti gbéra lọ.

Orí Olúmọ ga tó mítà 137 (nǹkan bí 450 ẹsẹ̀ bàtà) sí ojú òkun. Kódà bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún láti etí òkun, gígùn Mary's Rock ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ibi ìdánrawò tí ó wà nítòsí yín náà nìyẹn. Ẹ lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ gba orí àtẹ̀gùn, ẹ má wo ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ agbénisókè rárá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ di ìgò omi sínú báàgì ẹ̀yìn kí ẹ sì gbé e gun òkè. Bí ẹ bá dé orí, ẹ da omi náà nù kí ẹ tó sọ̀, nítorí sísọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ni ó ń ba orúnkún àgbàlagbà jẹ́. Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni: ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìtọ́kò dé Aké. Bàtà tí ẹ ó wọ̀ lórí òkè ni kí ẹ máa wọ̀, kí ìléròrò tí yóò yọ lè ti yọ nílé Màmá. Lójú ọ̀nà, ẹrù àgbàlagbà kò gbọdọ̀ ju ìdá márùn-ún ìwúwo ara rẹ̀ lọ, ti ọmọ sì kéré sí i; bí ọmọbìnrin yín bá wọn kìlógíráàmù 36, ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá márùn-ún.

Ní ti aṣọ, àdìrẹ Ìtòkú wù mí bí ó ṣe wu gbogbo yín, ṣùgbọ́n òwú ni; bí òjò bá pa á, yóò lẹ̀ mọ́ ara, òtútù yóò sì mú ọmọ. Ẹ jẹ́ kó wà nílé.

Oúnjẹ ni ibi tí a ti ní ànfààní ju àwọn òyìnbó lọ. Gaàrí kò béèrè iná, kò wúwo, kò sì ń bàjẹ́. Kí ẹ sáà rí i pé omi tí a ti sẹ́ tàbí tí a ti sè ni ẹ fi rẹ ẹ́. Kúlíkúlí àti kókóró náà dára gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ fi kílíṣí sílẹ̀, nítorí àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí ẹran láti Nàìjíríà wọlé, kí ẹ sì sọ gbogbo oúnjẹ tó kù fún wọn bí ẹ bá dé pápákọ̀ òfurufú. Ìrẹsì Ọ̀fadà kì í ṣe oúnjẹ òkè, ó ń pẹ́ lórí iná jù. Ẹ má gbé oúnjẹ ọjọ́ méje lẹ́ẹ̀kan: Big Meadows wà ní òkúta máìlì 51, ẹ ó ra èyí tó kù níbẹ̀.

Ẹ ó gba ìwé àṣẹ ọgbà kí ẹ tó lè sùn nínú igbó, ẹ ó sì ti mọ ibi tí ẹ ó sùn ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbà á. Kí Fọlárìn da orúkọ àwọn ibi náà kọ fún Màmá, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀lé ní Maryland, kí ẹ sì jọ dá wákàtí tí yóò pe àwọn aláṣẹ ọgbà bí kò bá gbúròó yín. Ẹ sọ fún Màmá pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí níbi púpọ̀, kí àyà rẹ̀ má baà já.

Ìyókù kò le. Ọ̀dà funfun lára igi ni àmì ọ̀nà. Bí ẹ bá rí méjì lórí ara wọn, ọ̀nà fẹ́ yà. Ọ̀dà búlúù ń mú ènìyàn lọ síbi omi tàbí ibi ìsùn. Béárì wà níbẹ̀, nítorí náà inú agolo líle tí wọ́n ṣe fún un ni kí gbogbo oúnjẹ wà lóru, kódà ọṣẹ ìfọyín, kí ó sì jìnnà sí àgọ́. Ní alálẹ́, ẹ yẹ ara àwọn ọmọ wò fún eégbọn, pàápàá ẹ̀yìn orúnkún, ìbàdí àti ìdí irun. Omi ni kí ẹ má fi ojú kékeré wò: ní ìparí oṣù Kẹjọ, àwọn ìsun kan lórí òkè náà lè ti gbẹ, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ní Thornton Gap èyí tí ó ṣì ń ṣàn, kí ẹ sì bu omi kún gbogbo ìgò yín kí ẹ tó gbéra.

Ìyá Àyọ̀ká