Bí odi Eredo kò bá ga nínú àwòrán rẹ

Àbúrò, o ní o ya yàrà Eredo Súngbọ́, yàrà àti odi àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n ọ̀nà oko ni àwọn tó wò ó pè é. O wá ń béèrè bóyá kí o fi dúdú kún ọ̀dà rẹ kí ó lè jọ ohun àtijọ́. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà kọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni.

Níbi tí yàrà náà ti jìn jù, láti ìsàlẹ̀ dé orí odi tó bíi mítà 20. Igbó ló wá bo gbogbo rẹ̀, ewé tó wà nísàlẹ̀ náà ló wà lókè, ojú kò rí ohun tí yóò fi díwọ̀n. Mo jìyà lórí èyí pẹ́ kí n tó fi ènìyàn síbẹ̀: obìnrin tó ru igi, ní ẹsẹ̀ ògiri, tí gíga rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ògiri lọ. Lójú ẹsẹ̀ ni odi ga. Hubert Robert, ayàwòrán ará Faransé tó gbé ní Róòmù láti 1754 sí 1765, mọ èyí dáadáa. Wo àwọn obìnrin tó ń fọṣọ lábẹ́ àlàpà nínú àwòrán rẹ̀. Lójú tèmi, àwọn ló ń gbé òpó àlàpà náà ga.

Sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà, má dúró lókè máa wolẹ̀. Gbé kánfáàsì rẹ nàró, kí ojú ọ̀run ṣẹ́ kù tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ewé.

Yangí pupa àti ewé tútù ló máa dà ọ́ láàmú jù. Bí o bá pò wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì tutù, ẹrẹ̀ ni wọ́n ń dà. Kun pupa kọ́kọ́, jẹ́ kó gbẹ, kí o wá fi àwọ̀ ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, kí pupa máa yọjú. Ọ̀dà olóròóró kì í tètè gbẹ nínú ọ̀rinrin ibẹ̀, nítorí náà ọ̀dà olómi ni mo fi ń ya ti ibẹ̀, mo sì ń parí rẹ̀ nílé.

O tún béèrè bóyá o lè gbé odi kúrò ní àyè rẹ̀. Caspar David Friedrich, ayàwòrán ará Jámánì, ṣe é: ó mú àlàpà ilé ìsìn Eldena tó wà nítòsí ìlú Greifswald, ó yà á sáàárín òkè tó jìnnà síbẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn fún Eredo. Ó ju kìlómítà 150 lọ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, àwòrán rẹ̀ kò sì pọ̀. Yà á bó ṣe wà, kí o kọ orúkọ ibi tí o jókòó sí sẹ́yìn kánfáàsì.