Orúkọ méjì lára àfòpiná kan: èwo ni kí n kọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mí ní Ago-Ìwòyè. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń kó àfòpiná jọ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, nínú oko àgbàdo àti ẹ̀wà, àti nínú ilé kan tí wọ́n ń kó kòkó sí. Ìwé kan pe èyí tó ń luhò sí èèpo ẹ̀wà ní Maruca testulalis, òmíràn pè é ní Maruca vitrata. Ti inú kòkó, àwọn kan ní Ephestia cautella, àwọn mìíràn ní Cadra cautella. Ṣé kòkòrò méjì-méjì ni, àbí ẹnì kan ló ṣìnà?

Ìdáhùn: Àbúrò, kòkòrò kan náà ni nínú ọ̀ràn méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó ṣìnà. Àmọ́ ohun tó fa orúkọ méjì fún ti ẹ̀wà kọ́ ló fà á fún ti kòkó.

Fabricius ló kọ́kọ́ kọ nípa ti ẹ̀wà, ní 1787, ó sọ ọ́ ní vitrata. Ní 1832, Geyer sọ àfòpiná kan ní testulalis, ó kà á sí ẹ̀yà tuntun. Nígbà tí àwọn tó wá lẹ́yìn gbé ti àwọn méjèèjì yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni. Òfin àgbáyé tó de sísọ ẹranko lórúkọ wá sọ pé bí ẹ̀yà kan bá ní ju orúkọ kan lọ, èyí tó pẹ́ jù ni ká máa pè é. 1758, ọdún ìwé Linnaeus, onímọ̀ tó fi ìlànà orúkọ alápá méjì yìí lélẹ̀, ni wọ́n sì ti ń ka ọdún. Vitrata ló borí, testulalis di sínónímù rẹ̀, ìyẹn orúkọ mìíràn fún ẹ̀yà kan náà. Òfin náà fàyè sílẹ̀ fún orúkọ tuntun tó bá ti gbilẹ̀ gan-an, tí ẹnikẹ́ni kò sì lo ti àtijọ́ lẹ́yìn 1899, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan ọ̀rọ̀ tìrẹ.

Má fojú pa testulalis rẹ́ o. Orúkọ yẹn ni àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn ń kọ sínú iṣẹ́ wọn lórí ẹ̀wà láyé 1980. Bí o bá wá vitrata nìkan lórí Google, o máa fo gbogbo iṣẹ́ náà kọjá, o ó wá kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ rí nílẹ̀ wa. Ó máa ń dùn mí gan-an bí mo bá rí irú rẹ̀ nínú ìwé àṣekágbá.

Ti kòkó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Walker ló sọ ọ́ ní cautella ní 1863, kò sì sẹ́ni tó ń bá a jà lórí ìyẹn. Orúkọ iwájú, ìyẹn jẹ́nọ́ọ̀sì, ni wọn ò fẹnu kò lé lórí: àwọn kan ya Cadra sọ́tọ̀, àwọn kan kó o pọ̀ mọ́ Ephestia. Èrò onímọ̀ ni, òfin kò dá a. Èmi a máa kọ Cadra. Mú ọ̀kan, dì í mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó o dárúkọ ìkejì lẹ́ẹ̀kan.

Àgbàdo ni kó o ṣọ́ra fún jù. Spodoptera frugiperda tó ń jẹ ọkàn àgbàdo báyìí, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára ibi tó kọ́kọ́ dé. Smith sọ ọ́ lórúkọ ní 1797, sínú jẹ́nọ́ọ̀sì Phalaena. Ó gba inú Laphygma kọjá kó tó di Spodoptera. Ẹni tó bá mọ èyí, tó wá rí “Laphygma” nínú ìwé iṣẹ́ ọ̀gbìn àtijọ́ kan nílẹ̀ wa, lè rò pé kòkòrò yìí ti wà lọ́dọ̀ wa tipẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Laphygma exempta wà pẹ̀lú, ọmọ Áfíríkà gan-an, òun náà ti di Spodoptera exempta. Orúkọ kejì ló ń tọ́ka sí ẹ̀yà, nítorí náà ka méjèèjì pọ̀ kó o tó dájọ́.

Wo àmì àkámọ́ tí wọ́n ń fi ká orúkọ ẹni tó sọ kòkòrò lórúkọ àti ọdún rẹ̀. Ní Maruca vitrata (Fabricius, 1787), orúkọ Fabricius wà nínú àkámọ́ torí pé Phalaena ni Fabricius fi í sí, wọ́n ti gbé e kúrò níbẹ̀. Eldana saccharina Walker, 1865, tó ń gbẹ́ inú igi àgbàdo, kò ní àkámọ́, torí ibi tí Walker fi í sí náà ló ṣì wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi àkámọ́ sí gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ojúlé AfroMoths lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa fi orúkọ àti sínónímù àfòpiná ilẹ̀ Áfíríkà hàn ọ́.

Ṣùgbọ́n orúkọ tó tọ́ lórí kòkòrò tí kì í ṣe òun kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹ́ àfòpiná máa ń tanni, pàápàá àwọn kékeré inú kòkó tí lẹ́búlẹ́bú ara wọn ti gbọ̀n dànù. Yọ ìdí ikùn rẹ̀, rẹ ẹ́ sínú omi pọtáṣíọ̀mù háídírọ́sáìdì, kó o wo ẹ̀yà ìbímọ rẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó dáni lójú wà.

Kọ abúlé, ọjọ́, irúgbìn tó o ti mú un àti orúkọ rẹ sórí ìwé pélébé, kó o fi abẹ́rẹ́ kan náà gún un sábẹ́ kòkòrò náà. Fi ikùn tó o yọ sínú ìgò kékeré tó ní gílísírìn, kí nọ́ńbà wọn bá ara mu. Bí o bá parí iṣẹ́, má kó wọn lọ sílé. Fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹ̀ka yín, kí ẹni tó bá fẹ́ tún orúkọ wọn yẹ̀ wò lọ́jọ́ iwájú lè rí wọn.