"Ọ̀mùtí ni mí": èpè kọ́, èèwọ̀ ni

Ọmọkùnrin kan bi mí pé kí ló dé tí àwọn ará ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́, tí gbogbo èèyàn ń pè ní AA, fi máa ń sọ nípàdé pé "Lágbájá lorúkọ mi, ọ̀mùtí ni mí," nígbà tó jẹ́ pé ẹlòmíì nínú wọn ti lò ju ogún ọdún lọ láìfẹnu kan ọtí. Ó ní òun gbọ́ lórí rédíò pé èpè ni wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ́, àti pé ẹgbẹ́ awo ni wọ́n, torí wọn kì í dárúkọ bàbá wọn.

Èmi náà gbọ́ ètò yẹn. Díẹ̀ ló kù kí n ju rédíò sójú títì. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ èpè àti èèwọ̀, ta ló ní kó wá máa ṣàlàyé àṣà fún aráyé?

Ìyá tó bí bàbá mi, olórìṣà Ọbàtálá ni. Ẹ mọ ìtàn náà: Ọbàtálá ni wọ́n rán kó wá dá ilé ayé, ó mu ẹmu lọ́nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà bá gba iṣẹ́ ṣe. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún òun àtàwọn ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹmu dé iwájú màmá, gbólóhùn kan ni wọ́n máa ń sọ: "Ọmọ Òrìṣà-ńlá ni mí." Ẹ wò ó dáadáa. Àṣìṣe òrìṣà wọn ni wọ́n ń sọ lójú gbogbo ayé, ìgbà gbogbo tí wọ́n bá sọ ọ́. Ta ló wá ní wọ́n ń ṣépè? Wọ́n darúgbó kùjọ́kùjọ́, kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ṣé èèwọ̀ náà kò tíì tán ni. Èèwọ̀ kì í tán. Ohun tí ọkùnrin AA yẹn ń sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má ní mo ń fà á ya. Bill Wilson, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ilé ìwòsàn Towns ní New York ló ti bọ́ lọ́wọ́ ọtí ní oṣù Kejìlá ọdún 1934. William Silkworth ni dókítà tó tọ́jú rẹ̀. Ohun tí dókítà yìí máa ń sọ ni pé ara irú wọn ni ọtí kò bá mu, bí oúnjẹ kan ṣe ń mú kí ara ẹlòmíì wú, àti pé ife àkọ́kọ́ ló ń pe ìyókù. Ohun tí ara kọ̀ títí ọjọ́ alẹ́, kí ni Yorùbá ń pè é?

Wilson wá ń sáré káàkiri tọ àwọn ọ̀mùtí lọ, ó ń wàásù fún wọn. Fún bí oṣù márùn-ún, kò rí ẹyọ ẹnì kan tó jáwọ́. Silkworth ní kó yé wàásù, kó sọ ohun tí ọtí fojú òun fúnra rẹ̀ rí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, òwò gbé e lọ sí Akron ní Ohio, ìlú àwọn tó ń ṣe táyà. Òwò náà forí ṣánpọ́n. Ó dúró nínú gbàgede òtẹ́ẹ̀lì Mayflower, owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Lápá kan, ilé ọtí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Lápá kejì, tẹlifóònù àti orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú. Ó tẹ pásítọ̀ láago, ṣùgbọ́n àdúrà kọ́ ló fẹ́ kó gbà fún òun: ọ̀mùtí bíi tirẹ̀ ló ń wá, tí òun lè bá sọ̀rọ̀ kí òun má baà wọlé ọtí.

Báyìí ni wọ́n fi júwe rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Henrietta Seiberling, obìnrin yìí ló sì mú un mọ Dókítà Bob Smith, oníṣẹ́ abẹ tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, ẹni tó wá di ẹnì kejì tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Smith ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lòun ní. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n jókòó, wọ́n dìde lẹ́yìn aago mọ́kànlá òru. Ìtàn ara rẹ̀ ni Wilson sọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣáájú jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èyí tí wọ́n rí ní Akron ni pé ẹni tó jìn sí kòtò náà nílò ará ẹ̀yìn yẹn kó tó lè gòkè.

Smith jáwọ́, àmọ́ ó tún padà sídìí ọtí lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, ó ní iṣẹ́ abẹ láti ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, Wilson fúnra rẹ̀ ló gbé ìgò bíà kan fún un kí ọwọ́ lè dúró. Bíà yẹn ni ọtí tí Smith mu gbẹ̀yìn títí tó fi kú ní 1950. Ọjọ́ bíà yẹn ni AA ń kà sí ọjọ́ ìbí ẹgbẹ́ náà.

Ní ti orúkọ bàbá, kò sí awo níbẹ̀: iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀gá bá gbọ́ pé ó ń lọ sípàdé ọ̀mùtí. Wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹgbẹ́ wá òkìkí. Ní 1840, àwọn ọkùnrin mẹ́fà tó ń mutí nílé ọtí kan ní Baltimore ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n pe ara wọn ní Washingtonian. Ó gbilẹ̀ débi pé Abraham Lincoln, tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, bá wọn sọ̀rọ̀ ní Springfield ní 1842. Òkìkí àti ìjà lórí òfin ọtí wọ̀ ọ́, kò pé ọdún mẹ́wàá tó fi túká.

Mo ti jókòó nínú ìpàdé AA kan rí, èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún àlejò, nínú yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Chicago. Bí ẹnì kan bá ti sọ "ọ̀mùtí ni mí" tán, gbogbo ilé á fi orúkọ rẹ̀ kí i. Rédíò kò sọ ìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ní òun ti jáwọ́, òde ìnáwó kan ṣoṣo ni wọ́n á ti bà á jẹ́: "Ìgò kan péré, ṣé obìnrin ni ẹ́ ni?" Nígbà ayé màmá, ẹni tó bá ti ní èèwọ̀ òun ni, wọ́n á gbé agbè ẹmu kọjá lórí rẹ̀, wọ́n á sì ní kí ọmọdé lọ bu omi tútù wá fún un.