Owó nọ́ọ̀sì ilé-ìwé ní Àkúrẹ́: béèrè ẹni tó ni ilé-ìwé kó o tó béèrè ìlú

Àbúrò mi, o ní ilé-ìwé bọ́dìn kan ní Àkúrẹ́ ní kó o wá ṣe nọ́ọ̀sì àwọn, o fẹ́ mọ iye tó yẹ kí wọ́n san, àti bóyá kó o kúkú forí lé Èkó, tàbí òkè òkun pàápàá, torí ọ̀rẹ́ rẹ ní ibẹ̀ lowó wà. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun. Mo ti ṣe é nílé-ìwé àdáni, ọ̀dọ̀ ìjọba ni mo wà báyìí.

Ẹni tó ni ilé-ìwé ló ń pinnu owó wa ju ìlú lọ. Nọ́ọ̀sì tó bá wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, CONHESS, ìyẹn tábìlì owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀, tábìlì yẹn kò sì mọ Àkúrẹ́ yàtọ̀ sí Èkó. Ẹni tó wà ní Federal Government Girls' College níbí àti ẹni tó wà ní Queen's College ní Yábàá, bí ipele wọn bá dọ́gba, owó oṣù kan náà ni. Ẹni tó ń háyà ilé ní Yábàá nìkan ló máa sọ fún ọ pé owó kan náà kì í ra ọjà kan náà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àyè kì í ṣí. Ẹni tó bá wọlé kì í jáde.

Lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 ní 2024, Oǹdó kéde ₦73,000, Ògùn ₦77,000, Èkó ₦85,000. Owó ẹni tó ń gbálẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe tìrẹ, àmọ́ o lè fi wo bí ìpínlẹ̀ kan ṣe ju èkejì lọ.

Ilé-ìwé àdáni gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kò sí tábìlì níbẹ̀, ohun tó bá tẹ́ Mọ́mì tó ni ilé-ìwé lọ́rùn ni. Òfin owó oṣù tó kéré jù ti 2019 tiẹ̀ yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kéékèèké ló sì ń sá sábẹ́ ìyẹn. Àwọn auxiliary náà tún wà, àwọn tí Nursing Council, ìgbìmọ̀ tó ń fún nọ́ọ̀sì níwèé àṣẹ, kò mọ̀ sí nọ́ọ̀sì rárá. Wọ́n wọ aṣọ funfun bíi tiwa, òbí kò sì mọ ìyàtọ̀. Tó o bá ní owó yìí kéré, Mọ́mì ti mọ ẹni tó máa gba ìdajì rẹ̀.

Níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ₦35,000 ni wọ́n fún mi, pẹ̀lú oúnjẹ àti yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọmọbìnrin ń sùn. Owó tó kéré jù lábẹ́ òfin nígbà yẹn ₦30,000, àwọn èèyàn sì ń bá mi yọ̀. Oṣù kẹjọ dé, kò sí alert. Wọ́n ní ọmọ ò sí nílé-ìwé, kí ni mo ṣe tí wọ́n á fi sanwó? Kérésìmesì, ìdajì. Ọdún Àjíǹde, ìdajì. Oṣù méjì odidi ló bọ́ sọnù bẹ́ẹ̀. ₦350,000 ló kù lọ́dún. Pín in sí oṣù 12, kò tó ₦30,000 mọ́. Bẹ́ẹ̀ kí àwọn ọmọ tó wọlé, èmi ni mo ń ka oògùn, tí mo ń wo ìwé genotype àwọn ọmọ tuntun níkọ̀ọ̀kan.

Yàrá yẹn náà, má kà á sí ọ̀fẹ́. Òru ni wọ́n ń fi gbà á padà. Ọmọ SS tí egungun ń ro, ọmọ tí ásímà mú ní aago méjì òru, ìwọ ni wọ́n máa kanlẹ̀kùn fún, láàárọ̀ wàá tún wọlé ní aago méje àbọ̀ bí gbogbo olùkọ́. Mo mọ ẹni tó gba iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré sí tèmi láìsí yàrá, tó ń fi ìrọ̀lẹ́ ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn àdáni kan lọ́nà Ìjọ̀kà. Tó bá pa owó méjèèjì pọ̀, ó ju tèmi lọ dáadáa, ó sì ń sùn.

Ní ti Èkó, àwọn ilé-ìwé olówó ibẹ̀ ń san ju ti Àkúrẹ́ lọ, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Tí ilé kò bá sí lára ẹ̀, èmi ò ní lọ.

Òkè òkun tí ọ̀rẹ́ rẹ ń wí, ní ìlú Ọba ìyàtọ̀ ìlú sí ìlú wà lákọsílẹ̀. Lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ní England, Band 5 tàbí Band 6 (ìpele owó oṣù wọn) ni púpọ̀ nínú nọ́ọ̀sì ilé-ìwé wà. Ẹni tó bá wà láàárín gbùngbùn London á gba ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ 15, etí rẹ̀ 5. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọn kì í sanwó ìsinmi ilé-ìwé fún tán pátápátá, bíi tiwa. Ṣùgbọ́n wọ́n á sọ fún ọ kó o tó fọwọ́ síwèé, wọ́n á sì pín owó ọdún sí oṣù 12 kí ebi má baà pa ọ́ nígbà ooru.

Nítorí náà, gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kó o tó kó ẹrù wọlé. Kí oṣù kẹjọ wà nínú ẹ̀. Kí wọ́n kọ ẹni tó máa dúró fún ọ nígbà tó o bá lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀. Béèrè owó ìfẹ̀yìntì: òfin 2014 ní kí ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè máa san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ, kí ìwọ san 8, ilé-ìwé bọ́dìn wo ni òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 15? Kí wọ́n sì yọ owó oògùn kúrò lọ́rùn rẹ. Mo ti fi owó àpò mi ra inhaler fún ọmọ ọlọ́mọ rí, mo ṣì ń retí owó náà.

Èló ni wọ́n tiẹ̀ pè é fún ọ?